Mi ò gbọ́ òórùn mọ́ látìgbà tí mo ti forí gbalẹ̀, ọkàn mi náà sì ti wọlẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni_Tó_Yè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, òní ni mo kọ́kọ́ máa dá sí i.

Oṣù keje rèé tí mo yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí mo fi ìpàkọ́ lulẹ̀. Wọ́n ní mo dákú bí ìṣẹ́jú 10. Ọjọ́ 9 ni mo lò ní ọsibítù. Wọ́n ya àwòrán orí mi, wọ́n ní ọpọlọ fara pa díẹ̀ níwájú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì wà níbẹ̀, pé yóò gbẹ fúnra rẹ̀. Ó gbẹ lóòótọ́. Mo ń rìn, mo ń sọ̀rọ̀, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, tọmọdé tàgbà ló sì ń bá mi yọ̀.

Nígbà tí mo délé tí ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo jókòó nílé ìdáná, mo ń kàwé, ìkòkò wà lórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ojú ń ta mí, mo ń fọwọ́ nù ún, mo rò pé ìwé tí mo tẹjú mọ́ ló fà á. Ìyàwó mi ló sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń húkọ́, ó ń pariwo orúkọ mi. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo tó rí i pé èéfín ti bo gbogbo àjà. Ìkòkò ti jó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò gbọ́ òórùn kankan.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹnu mi ni mo rò pé ó bàjẹ́. Mo mọ iyọ̀, mo mọ ṣúgà, mo mọ̀ bí ata bá ta mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n gbogbo oúnjẹ ti di ọ̀kan náà.

Èyí tó dùn mí jù ni pé a bímọ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, mo fi imú kan àwùjẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tó dáyé. Òfìfo. Bíi kéèyàn fimú kan dígí. Mo gbé e padà fún ìyá rẹ̀, mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀, mo lọ sunkún.

Látìgbà yẹn, nǹkan kan kì í wù mí ṣe. Aago 3 òru ni mo máa ń jí, mi ò ní sùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń wẹ̀ lójúmọ́ nítorí mi ò mọ̀ bóyá mo ń rùn. Bí mo bá sì fẹnu bà á, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ fún mi: "Ṣebí o yè? Dúpẹ́." Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ gan-an. Ṣé imú yìí ló ń ba ọkàn mi jẹ́ ni, àbí orí tí mo fi gbalẹ̀? Ṣé ó máa ń padà?

Imú_Òkúta

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ọdún kẹfà mi rèé nínú ilé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ yìí. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí "ṣebí o yè" bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, kì í ṣe imú. Bí ojú ẹnìkan bá fọ́, gbogbo ayé á bá a dárò. Bí etí rẹ̀ bá di, wọ́n á wá bí wọ́n ṣe máa ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí imú bá kú, wọ́n á ní kí ló burú ńbẹ̀, ṣé ò ń fi ṣiṣẹ́ ni? Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé ìgbà gbogbo ni òun náà ń fimú bá ayé sọ̀rọ̀. Aṣọ ìyá mi tó ti dolóògbé wà nínú àpótí mi. Kí n tó ṣubú, tí mo bá ṣí àpótí yẹn, màmá mi á wọlé. Ní báyìí, aṣọ lásán ni. Ìgbà kejì ni mo ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ yẹn, kò sì sẹ́ni tó wá kí mi.

Ọ̀fọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí o, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Ọpẹ́ àti ọ̀fọ̀ lè jọ gbé inú ẹnìkan.

Àṣìṣe tí mo ṣe rèé, kí ẹ má bàa ṣe é: ọdún méjì gbáko ni mo fi ń sọ ti imú fún dókítà imú, tí mo fi ti ọkàn pamọ́. Dókítà tó ń wo orí mi, orí fífọ́ nìkan ni mo ń sọ fún un. Kò sẹ́ni tó rí mi lódindi. Ọjọ́ tí mo kó méjèèjì pọ̀ níwájú dókítà kan ṣoṣo ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú mi. Ẹ má pín ara yín sí wẹ́wẹ́.

Ó sì ti ṣe ẹni tó lókìkí rí. Michael Hutchence, olórin ẹgbẹ́ INXS láti Ọsirélíà, wọ́n lù ú ní Copenhagen ní 1992, ó forí gbalẹ̀, agbárí rẹ̀ sán, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ òórùn mọ́. Ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Àwọn tó sún mọ́ ọn sọ nígbà tó yá pé kì í ṣe ẹni tí àwọn mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́. Owó kọ́ ló ṣaláìní, òkìkí kọ́. Ẹni tó bá tún sọ fún yín pé nǹkan kékeré ni, ẹ má dá a lóhùn.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀ka_Orí

Ẹ kú ewu ọmọ tuntun o, ẹ sì kú ewu àjálù.

Mo ti ń tọ́jú àwọn tí orí wọn fara pa fún bí ọdún 14, ìbéèrè yín yìí ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n bi mí, wọn kì í sáábà bi mí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lókè imú, níbi tí imú ti pàdé ilé ọpọlọ, eegun pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó lu kára bí ajere. Inú àwọn ihò yẹn ni fọ́nrán iṣan tíntìntín tó ń gbé òórùn gba kọjá, kó tó dé abẹ́ ọpọlọ iwájú. Ọpọlọ rọ̀, inú omi ló sì wà. Bí ìpàkọ́ bá gbalẹ̀, ọpọlọ á sún síwájú, á sún sẹ́yìn, eegun kò sì ní sún. Àwọn fọ́nrán yẹn á já bí òwú tí wọ́n fi abẹ gé lẹ́nu ihò abẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìpàkọ́ lẹ fi ṣubú, iwájú lọ́hùn-ún ló ṣe léṣe. Kò dìgbà tí agbárí bá sán o. Ẹni tí kò tilẹ̀ dákú lè pàdánù òórùn.

Ẹnu yín kò bàjẹ́. Ahọ́n kò mọ̀ ju iyọ̀, dídùn, kíkan, kíkorò àti adùn bíi ti omi ẹran lọ. Ìyókù tí à ń pè ní adùn oúnjẹ, òórùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀fun ló ń gbà lọ sókè imú. Ata àti ojú tó ń ta yín lọ́jọ́ èéfín yẹn, iṣan mìíràn ló ń gbé ìyẹn, òun kò já.

Ní ti ọkàn: méjèèjì ni, ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ mú ọ̀kan. Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́, ibùdó kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń yà sí kí wọ́n tó ká gbogbo ibi tó kù. Òórùn kì í yà síbẹ̀. Tààrà ló ń lọ bá amygdala, níbi tí ìbẹ̀rù àti ìdùnnú ń gbé, àti àdúgbò hippocampus, níbi tí ìrántí ń gbé. Bí òórùn bá dákẹ́, ibẹ̀ náà á dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọpọlọ iwájú tó fara pa yẹn wà lára ibi tó ń darí ìṣesí àti ìfẹ́ láti ṣe nǹkan. Ẹ tún wá fi ọ̀fọ̀ tí Imú_Òkúta sọ lé e.

Ẹ̀yin nìkan kọ́. Ní 2010, àwọn oníwádìí ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ènìyàn 559 tí ọsibítù gbà nítorí ọpọlọ tó fara pa. Nínú ọdún kìíní, 53 nínú 100 wọn ló ní ìsoríkọ́ tó le. Àwọn tó rí ìtọ́jú rẹ̀ gbà nínú wọn kò tó ìdajì. Ìyẹn ló ń bà mí nínú jẹ́ jù.

Jíjí láago 3, kí nǹkan má máa wuni mọ́, kéèyàn máa sá fún ará: ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ mú un lọ bá dókítà yín. Ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án kan wà, PHQ-9, tó ń béèrè bí nǹkan ṣe rí fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bí wọn kò bá fún yín, ẹ béèrè rẹ̀.

Aya_Ẹni

Ọkọ mi ló ṣe, èmi ni mò ń kọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ apá tiwa.

Lẹ́yìn jámbá ọkọ̀, ó lè jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Mo rò pé ọ̀lẹ ni. Mo sọ ọ́ sí i lójú. Bí mo bá rántí, ojú máa ń tì mí. Dókítà ìtọ́jú ọpọlọ ló wá là á yé mi pé ohun méjì ló wà: ìsoríkọ́ wà, tí inú èèyàn á bàjẹ́, tí á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi, àìlèta-pútú náà wà, tí inú lè máà bàjẹ́ rárá, ṣùgbọ́n tí iná tó ń ti èèyàn dìde ti kú. Ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà. Tiwa, méjèèjì ló jọ wà.

Ó tún sọ nǹkan kan tí n kò gbàgbé. Ó ní òórùn tó lọ lẹ́yìn ìfarapa lè jẹ́ àmì pé apá ọpọlọ tó wà lókè ihò ojú fara pa, apá tó ń bá wa wọ̀n ọ̀rọ̀ kó tó jáde lẹ́nu, tó ń bá wa yan èyí tó yẹ. Ẹni náà lè gba gbogbo ìdánwò ìwé kọjá ní ọsibítù, kó sì délé kó máa ṣìwà hù, kó máa náwó nínàákúnàá, kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bi ìyàwó yín ohun tó ti rí. Ẹ má bínú sí ohun tó bá sọ. Ó ń rí ẹ̀yìn orí yín tí ẹ̀yin ò lè rí.

Ọmọ_Ìyá_Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi Nọ́ọ̀sì. Àbúrò mi forí gbá ògiri ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Òun náà ní òun ò gbọ́ òórùn. Bó bá tẹ̀ síwájú, omi mímọ́ gaara máa ń kán láti ihò imú kan ṣoṣo, ó ní ó ń ṣe iyọ̀iyọ̀ lọ́fun òun. Ọ̀fìnkìn ni, àbí?

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀ka_Orí

Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù nísinsìnyí, ẹ má dúró dọ̀la. Omi tó yí ọpọlọ ká ló lè máa jò gba ojú ajere yẹn. Ibi tí omi ń gbà jáde, kòkòrò àrùn lè gbà wọlé, ó sì lè di àrùn yírùnyírùn. Kó má fọn imú, kó má fagbára tì í bó bá ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kó gbé orí sókè díẹ̀ bó bá dùbúlẹ̀. Ẹ bá a gbe omi náà sínú ìgò mímọ́ bó bá tún kán, ọsibítù lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sọ fún wa bó bá ti rí.

Ọmọ_Ìyá_Rẹ̀

Wọ́n ti dá a dúró sí wọ́ọ̀dù. Omi ọpọlọ ni lóòótọ́. Ọlọ́run á san yín lóore.

Akẹ́kọ̀ọ́_Imú

Ọpẹ́ ni fún ti àbúrò yẹn.

Ẹni_Tó_Yè béèrè bóyá ó máa ń padà. Ó ń padà fún àwọn kan, kì í padà fún ọ̀pọ̀. Iṣan tó ń mọ òórùn yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ iṣan mìíràn: ó máa ń kú, ó sì máa ń hù jálẹ̀ ayé wa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èyí tó bá hù gbọ́dọ̀ tún rí ihò ajere yẹn gbà kọjá, ojú ọgbẹ́ sì lè ti dí i. Àwọn tí òórùn wọn padà, ọdún kìíní ló sáábà máa ń hàn, àwọn mìíràn sì ń rí i lẹ́yìn ìyẹn. Oṣù méje yín kò tíì pẹ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín ni ìdálẹ́kọ̀ọ́ imú. Thomas Hummel àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Dresden, ní Jámánì, ló gbé e jáde ní 2009. Òórùn mẹ́rin ni wọ́n lò: òdòdó róòsì, lẹ́mọ́ọ̀nù, kànáfùrù àti yúkálíptọ́ọ̀sì. Láàárọ̀ àti lálẹ́, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán. Èmi máa ń ṣí ìgò kan, màá fà á símú díẹ̀díẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 20, màá wá sinmi díẹ̀ kí n tó ṣí òmíràn. Bí ẹ bá ń ṣe é, ẹ má fi ọkàn yín síbòmíràn. Ẹ wo orúkọ tó wà lára ìgò, kí ẹ wá òórùn yẹn nínú ìrántí yín. Bí mo bá mú kànáfùrù, ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín tí wọ́n mú mi lọ ní kékeré ni mo máa ń padà sí.

Ó dáa kí ẹ mọ èyí pẹ̀lú: bó bá ń padà, ó lè kọ́kọ́ padà ní òdìkejì. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án mi, kọfí bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bíi rọ́bà tó ń jó. Mo sunkún. Dókítà ní kí n máa yọ̀, pé ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà ni mo ń gbọ́ ìró rẹ̀ yẹn, pé ó ń ṣí. Ó gba oṣù mẹ́jọ kó tó rọlẹ̀.

Imú_Òkúta

Mo bọ̀wọ̀ fún Akẹ́kọ̀ọ́_Imú, ìmọ̀ràn rere ló mú wá. Ṣùgbọ́n mo ṣe ìdálẹ́kọ̀ọ́ yẹn fún oṣù 10, mi ò pa ọjọ́ kan jẹ, kò sì padà. Ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò padà fún. Àwọn tí ọ̀fìnkìn bà lóòórùn jẹ́ ń rí èrè rẹ̀ ju àwa tí orí wa gbalẹ̀ lọ.

Ẹ ṣe é. Kò léwu, kò ná ni ní nǹkan púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má so ayọ̀ yín mọ́ ìgò mẹ́rin. Èmi so ó mọ́ ọn. Gbogbo àárọ̀ tí mo bá ṣí ìgò tí n kò gbọ́ nǹkan kan, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n tún sọ ìròyìn burúkú fún mi lákọ̀tun, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìtọ́jú ọkàn ló yẹ kó ṣáájú, tàbí kí méjèèjì jọ rìn. Kí ọkàn má dúró de imú.

Akẹ́kọ̀ọ́_Imú

Òótọ́ lẹ sọ. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀.

Olùfẹ́_Rere

Ẹnìkan sọ fún mi pé oògùn zinc wà tí wọ́n ń kán sí imú, pé kíá ni òórùn á padà.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀ka_Orí

Rárá o. Ẹ má kán an. Ní 2009, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fáwọn ará ìlú nípa oògùn ọ̀fìnkìn kan tó ní zinc nínú, tí wọ́n ń fi sí ihò imú, nítorí pé àwọn tó lò ó ń pàdánù òórùn. Ohunkóhun tí dókítà kò bá fún yín, kó má wọ imú yín.

Ẹni_Tó_Yè

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Nígbà tí mo dé ibi ìbọ̀sẹ̀, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ka ibẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ohun kan wà tí n kò kọ lọ́jọ́ kìíní. Lóru tí mo bá jí yẹn, ó máa ń wù mí pé kí n má ti jí. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀ka_Orí

Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Mo fẹ́ bi yín láìfi bò: ṣé ẹ ti ń rò ó láti pa ara yín? Ṣé ẹ ti ro bí ẹ ṣe máa ṣe é?

Ẹni_Tó_Yè

Rárá, mi ò gbèrò bẹ́ẹ̀. Ó kàn máa ń rẹ̀ mí ni.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀ka_Orí

Ó dáa. Ẹ fi ohun tí ẹ kọ síbí yìí han ìyàwó yín lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn. Lọ́la, ẹ pe dókítà, ẹ lo ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, "ó ń wù mí pé kí n má jí", ẹ má rọ̀ ọ́ lójú. Bó bá di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò, ẹ má dá wà, ẹ gba ẹ̀ka pàjáwìrì lọ lójú ẹsẹ̀, òru ni o, ọ̀sán ni. Bí oògùn púpọ̀ bá wà nílé, kí ìyàwó yín bá yín fi pamọ́. Ìwà òmùgọ̀ kọ́ ni, àìmoore sì kọ́. Ọpọlọ tó fara pa máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tó ni ín, ìtọ́jú sì máa ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ rán dókítà létí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, pé orí yín fara pa, kó tó kọ oògùn ìsoríkọ́ kankan. Irú sertraline ni wọ́n sáábà ń yàn. Ṣùgbọ́n òmíràn wà, bupropion, tó ń jẹ́ kí gìrì tètè gbé èèyàn, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa kò sì jìnnà sí gìrì tẹ́lẹ̀. Oògùn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni oògùn nìkan ń tó o, ẹ béèrè fún olùdámọ̀ràn tí ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀. Èkejì, ẹ ní kí wọ́n yẹ hòmóònù yín wò. Kókó kékeré kan tó ń darí hòmóònù so mọ́ abẹ́ ọpọlọ, pituitary, orí tó gbalẹ̀ lè bà á jẹ́, àárẹ̀ àti ìbànújẹ́ rẹ̀ sì jọ ìsoríkọ́ bí ìbejì. Ọtí ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ pátápátá.

Imú_Òkúta

Mo wà níbí lóru. Aago 3 mọ èmi náà. Ẹ kọ̀wé sí mi.

Dá_Gbé

Èmi ń dá gbé ni, ọdún kẹta mi rèé, nítorí náà ọ̀rọ̀ inú ilé ni tèmi.

Ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá rú, ẹ fi sí gbogbo yàrá, kí ẹ máa yẹ bátìrì rẹ̀ wò. Èyí tó ń ké bí gáàsì bá ń jò náà, ẹ rà á. Ẹ ra ti carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára iná, pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kò ní òórùn fún ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ tí mo bá gbé sínú fíríìjì, mo máa ń kọ ọjọ́ sí ìdérí rẹ̀, bó bá ti kọjá ọjọ́ kẹta, màá dà á nù. Mo ti jẹ oúnjẹ tó ti kan rí, ọjọ́ méjì ni mo fi wà nílẹ̀. Bílíìṣì kì í pàdé oògùn ìfọlé mìíràn lọ́wọ́ mi mọ́ láé, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ lè pa ni, mi ò sì ní gbọ́ ìkìlọ̀ rẹ̀.

Ní ti wíwẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pààrọ̀ aṣọ, ó tó. Lọ́fínńdà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kẹ́ ẹ fín in, a máa ń fín in jù láìmọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yá imú ẹnìkan. Àbúrò mi obìnrin ni imú àyálò tèmi. A ti ṣàdéhùn pé bí mo bá béèrè, òótọ́ ni yóò sọ, bí n kò bá sì béèrè tí mo ń rùn, kó sọ fún mi. Ọjọ́ tí a ti ṣàdéhùn yẹn ni ọkàn mi ti balẹ̀.

Oúnjẹ: mo máa ń sáré jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ bí ìjìyà, mo sì rù. Ní báyìí, mo ń wá ohun tí ẹnu ṣì lè mọ̀: èyí tó ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó rọ̀, gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ tútù, kíkan díẹ̀, ata. Ẹ ṣọ́ iyọ̀ àti ṣúgà o, ọwọ́ máa ń tètè wọ̀ wọ́n lára jù.

Ẹni_Tó_Yè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó di ọ̀sẹ̀ 11 tí mo ti kọ̀wé gbẹ̀yìn, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo sọ fún ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò pariwo. Ó dìde, ó kó gbogbo oògùn inú ilé sínú báàgì kan, ó gbé e lọ sí yàrá rẹ̀, ó padà wá jókòó tì mí. Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ. Mo ka ọ̀rọ̀ náà láti inú fóònù, nítorí mi ò lè sọ ọ́ látorí. Dókítà náà gbé bírò sílẹ̀. Maàkì PHQ-9 mi jẹ́ 19, bó bá ṣe ga tó ni ìsoríkọ́ ṣe le tó. Wọ́n yẹ hòmóònù wò, ó pé. Wọ́n fún mi ní oògùn, mo sì ń rí olùdámọ̀ràn kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nǹkan kan kò yí padà, inú sì ń rú mi. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo jí láago 5 dípò 3. Maàkì tó kẹ́yìn jẹ́ 10.

Imú kò tíì padà. Wọ́n fún mi ní ìdánwò òórùn tí wọ́n ń pè ní UPSIT, èyí tí wọ́n ń fi èékánná tàbí pẹ́ńsù họ ojú ìwé kí òórùn lè jáde níbẹ̀, ìbéèrè 40. Mo gba 11. Mẹ́rin mẹ́rin ni ìdáhùn ibẹ̀, ẹni tó kàn ń mú èyí tó bá rí pàápàá á gba bíi 10. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó tún tù mí lára pé nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, pé kì í ṣe pé mò ń ṣe àsọdùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí fún Dá_Gbé. Mo yá imú ìyàwó mi. Ní alaalẹ́, bó bá ti wẹ ọmọ tán, ó máa ń fimú kan orí rẹ̀, á sì sọ ohun tó gbọ́ fún mi. Lánàá ó ní, "Ọṣẹ, wàrà díẹ̀ lẹ́yìn etí, àti nǹkan kan tó dà bí aṣọ tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ sá." Mo fimú kàn án níbi tó fimú kàn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo dúró síbẹ̀, mo sì ń rántí bí aṣọ tí oòrùn sá ṣe máa ń rí.

Ìbéèrè kan ló kù: ìgò mẹ́rin yẹn máa pé ọ̀sẹ̀ 12 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé kí n dá a dúró ni?

Akẹ́kọ̀ọ́_Imú

Ẹ má dá a dúró. Ẹ wá òórùn mẹ́rin mìíràn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ 12 mìíràn. Tèmi kejì, mo lo mínítì, atalẹ̀, lẹ́fẹ́ńdà àti ọṣẹ tí mo mọ̀ láti kékeré. Ẹ lè fi ọṣẹ tí ẹ fi ń wẹ ọmọ kún tiyín. Bí oṣù bá parí, ẹ wá sọ fún wa bí maàkì ti ọkàn yẹn ṣe rí, ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́.